Bàbá mi fẹ́ rí ilé àwọn Àgùdà l'Ékòó kí ẹsẹ̀ tó kọ̀: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́_Peckham · ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Oṣù Kejìlá yìí là ń bọ̀ wálé, èmi, ọkọ mi, àtàwọn ọmọ méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún mọ́kànlá, èkejì méje. A máa mú bàbá mi dání láti Ìbàdàn. Bàbá ti pé 76. Orúnkún ọ̀tún ń dà wọ́n láàmú, àmọ́ ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ. Láti oṣù Kẹta ni wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn ò fẹ́ aṣọ, àwọn ò fẹ́ bàtà, kí n ṣáà mú àwọn dé Èkó kí àwọn fojú rí ilé táwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú padà wálé, kọ́ kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún àwọn.

Ó nídìí. Bàbá tó bí bàbá wọn kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, kó tó padà sílé wá máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fáwọn olówó Ìbàdàn. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú ilé tó kọ́, òrùlé ẹ̀ sì ti jìn.

Mo ti wá a káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ká lọ Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, ká lọ Water House, ká lọ Freedom Park. Ọjọ́ kan péré la ní. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ín ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Báwo la ṣe máa tò ó tí oòrùn ò fi ní pa àgbàlagbà? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò? Ibo ni bàbá ti lè yà tọ̀? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn jù.

ỌmọFàájì

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Ẹ kọ́kọ́ fi bírò pa Ìlọ́jọ̀ rẹ́ nínú ìwé yín. Kò sí mọ́. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, ni wọ́n wó o lulẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á mú yín lọ wò ó, àpò yín ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn. Gbogbo èèyàn á ní ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ Sátidé, láti Balógun dé Ìdúmọ̀tà, agbòòrùn àwọn ọlọ́jà ló máa bo ojú yín, ẹ ò sì ní rí òkè ilé kankan. Òkè yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà táwọn Àgùdà ṣe sára ilé wà: ewé, òdòdó, ọnà orí fèrèsé. Jímọ̀ tiẹ̀ burú jù. Tí ìrun bá ti tó ní Mọ́sáláṣí Àpapọ̀, orí títì ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, mọ́tò ò ní lè kọjá. Ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ wá. Ọjà tì, títì dá, ẹ máa gbọ́ ohùn bàtà ara yín.

Ẹ dé Marina ní aago méje àárọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Kàtídírà, níbi tí Prince of Wales ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1925 tí wọn ò sì kọ́ ọ tán títí di 1946. Ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Tí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ gbọ́ dùrù wọn. Àyà lẹ ti máa gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Láti ibẹ̀, ẹ yà sí Kákàwá, ẹ wo Water House láti òdìkejì títì. Ẹ lọ sí Tinúbú, kí àwọn ọmọ rí ère Ìyá Ẹfúnróyè Tinúbú. Ẹ yọ sí Martins Street, ẹ wo Mọ́sáláṣí Ṣìtá-Bey. Nígbà yẹn oòrùn á ti ga. Ẹ wọ mọ́tò, ó di Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà. Tó bá di ọ̀sán kẹ́ ẹ wà ní Freedom Park. Ibòji wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, ibi ìtọ̀ sì wà. Mo ti dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn.

Boss_Lẹkki

Ilé àlàpà lẹ fẹ́ gbé bàbá yín láti Ìbàdàn wá wò? Ìbàdàn ò ní páànù dídípẹtà tó ni? Ẹ mú wọn wá sí etíkun níbí, ká ra àgbọn fún wọn.

ỌmọFàájì

Boss, bàbá ní ilé lòun fẹ́ wò. Ta ló bi ọ́ ní ti àgbọn?

Tísà_Àgbà

Ọ̀nà tí ỌmọFàájì là sílẹ̀ dára. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un kí àwọn ọmọ má bàa rò pé ògiri lásán làwọn ń wò.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn tàbí ọmọ wọn ra ara wọn padà tí wọ́n sì wọkọ̀ wálé, ni à ń pè ní Àgùdà. Àwọn Sàró yàtọ̀. Àwọn yẹn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n gbé lọ sí Freetown, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ padà wá. Sàró gbé ìwé bọ̀, Àgùdà gbé irinṣẹ́ bọ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn agbẹjọ́rò àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ayé ìgbà yẹn, ẹ máa bá Williams àti Macaulay pàdé. Ẹ wo orúkọ àwọn bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti aránṣọ, ẹ máa bá da Costa àti da Silva pàdé. Ìsìn tí wọ́n gbé bọ̀ ló sì jẹ́ ká máa pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní.

Níbi Mọ́sáláṣí Ṣìtá-Bey, ẹ má kánjú. Mohammed Shitta, Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló fowó kọ́ ọ. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló jẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam, lẹ́mọ́mù tó jẹ́ òyìnbó, sì ti Liverpool wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sultan Turkey, ó mú oyè "Bey" wá fún Shitta. Ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mọ́sáláṣí náà, ìdí nìyẹn tí ojú ilé náà fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil. Ẹ ní kí bàbá wo ọnà iwájú rẹ̀ dáadáa. Ọmọ bíríkìlà á rí ohun tí èmi tísà ò lè rí.

Water House jẹ́ ti João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní kékeré. Nígbà tó padà dé, ó gbẹ́ kànga sí àgbàlá, àwọn ará Èkó sì ń rà omi lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tí omi tó ṣeé mu ṣọ̀wọ́n. Candido, ọmọ ẹ̀ tí wọ́n bí sí Bahia lọ́dún 1860, wá di ọlọ́rọ̀ táyé ń fi ṣe àfiwé. 1959 ló kú.

Ní ti Ìlọ́jọ̀, ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ lọ́dún 1855, wọ́n ń tajà, wọ́n ń tọtí níbẹ̀. Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá rà á lọ́dún 1933. Ọdún 1956 ni ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìkéde yẹn ò gbà á lọ́wọ́ katakata tó wó o.

Jagunlabí

Èmi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wó o. Ọ́fíìsì mi wà ní Broad Street nígbà yẹn. Eruku ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ kan ń ṣa irin, obìnrin kan ti gbé igbá ọsàn ka orí òkìtì bíríkì. Mo mú ègé ọnà ara ògiri kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, apá kan ewé ló wà lára ẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ gbẹ́ ẹ fi ìka tẹ etí ewé náà kó tó gbẹ, ihò ìka náà ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá ki àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, ó gbà á, ṣùgbọ́n ó há díẹ̀. Ẹni yẹn ò sanra tó mi.

Ó wà lórí tábìlì mi báyìí, mo fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀.

Ìyá_Fùréjọ̀n

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ògiri, ẹ ò sọ̀rọ̀ ikùn. Àdùkẹ́ mi, ká ní Good Friday lẹ ń bọ̀ ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ yà lọ́dọ̀ mi ní Campos wá jẹ fùréjọ̀n. Ẹ̀wà ni o, a ó sè é rọ̀, a ó lọ̀ ọ́ kó kúnná, a ó wá fi omi àgbọn sè é títí á fi ki. Gàárì lórí, ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá tó bí ìyá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ìkòkò yẹn tá ò bá tíì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Tó bá wá di Mọ́ńdè Àjíǹde, Fánńtí, ijó ìgboro wa, jáde, Kàrẹ́tà, àwọn tó ń dé ìbòjú, jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìlù ò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ kí àwọn tó wà níwájú ilé kẹ́ ẹ tó gbójú sókè. Ilé èèyàn ni. Ẹ má kàn dúró sí àárín títì kẹ́ ẹ máa gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àdùkẹ́_Peckham · ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Tísà sí bàbá létí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún ibi tí da Costa àti Sanusi Aka wà kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbàgbé ẹni tó ń po amọ̀."

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣì ń kọ mí lóminú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n gbowó lọ́wọ́ òun níbẹ̀.

Dèjì_Kámẹ́rà

Èmi náà sanwó rí. Ọmọkùnrin mẹ́ta jáde sí mi nínú àdúgbò kan, wọ́n ní kí n mú "owó àdúgbò" wá. Mo bá wọn jà, mo ní títì ìjọba ni. Ìjà yẹn ná mi ní wákàtí kan, mo sì tún sanwó náà ní ìkẹyìn. Ìgbà kejì, mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá kan tó ń ta fóònù àlòkù nígun títì, mo ra káàdì lọ́wọ́ ẹ̀, mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un. Òun ló pariwo sí àwọn ọmọ yẹn pé àlejò òun ni mí. N ò san kọ́bọ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà ńlá jù sílé, fóònù ti tó. Ẹ má sì yà á síhà ààfin láìbi ẹnikẹ́ni. Ìgá Ìdúngànrán, ilé tí ọba ń gbé ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́.

Tísà_Àgbà

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ Ìgá. Èdè Àwórì ni "ìgá", ààfin ló túmọ̀ sí. Oko ata ni "ìdúngànrán", nítorí ibi tí olóyè Arọ́mirẹ́ ń gbin ata sí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn ìyẹn: ọba ń gbé lóko ata.

Onílé_Kan

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní mi ò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ti dárúkọ katakata.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà lẹ́yìn Campos, bàbá-ńlá ìyá mi ló kọ́ ọ. Àwa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la jogún ẹ̀. Mẹ́rin wà ní Houston, ọ̀kan wà ní Dublin, ẹnì kan wà tí a ò gbúròó ẹ̀ láti 2009. Tójò bá dé, garawa mọ́kànlá là ń tò sí yàrá òkè. Mo ti mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ń jókòó. Ọdọọdún ni àwọn oníkámẹ́rà ń wá. Wọ́n á ní, "Ẹ má jẹ́ kó wó o, ìtàn ni." Mo ní ó dáa, ta ló máa ra páànù? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya ilẹ̀kùn, wọ́n á lọ.

Fèrèsé wa jẹ́ onípákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣí bí ìyẹ́. Mẹ́fà ti já. Kápẹ́ńtà tí mo pè wò ó, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n fi gíláàsì sí i." Iṣẹ́ yẹn kọjá ọwọ́ ẹ̀. Ẹlòmíì tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, iye tó pè tó kó gíláàsì sí gbogbo ilé. Àwọn tó fẹ́ kọ́ alájà márùn-ún síbẹ̀ ń bọ̀ lóṣooṣù, wọ́n ń gbé owó dání, wọn ò sì bèèrè ìtàn lọ́wọ́ wa. Nínú àwa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlógún ti ní ká gbà á. Èmi àti ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ la ṣì ń ti ilẹ̀kùn.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni má wó ilé o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ má bú onílé kẹ́ ẹ tó ka garawa.

Jagunlabí

Mo gbà, ìyá. Ṣùgbọ́n ti Ìlọ́jọ̀ yàtọ̀. Òfin ti dì í mú. Bí onílé ò bá lè tún un ṣe, ó yẹ kó ké sí ìjọba.

Onílé_Kan

Ta ló sọ fún ọ pé a ò ké? Ohùn wa ti há.

Ọ̀nà_Bahia

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi ẹnu sí i láti òdìkejì omi. Ọdún kẹfà mi rèé ní Salvador, ní Bahia, ibi tí àwọn Àgùdà yẹn ti wọkọ̀ bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rìn ní Pelourinho, orí mi wú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan bí àwọ̀ ẹran ìbẹ́pẹ, fèrèsé gbogbo ń tàn. UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti 1985. Obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa nígun títì, acarajé ni wọ́n ń pè é. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ìgbà tó yá ni mo wá ń bi ara mi pé, ta ló ń sùn nínú àwọn ilé yìí? Nígbà tí ìjọba ń tún ibẹ̀ ṣe láti 1992, wọ́n fún ọ̀pọ̀ àwọn tálákà tó ń gbé ibẹ̀ ní owó díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kó lọ. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìsàlẹ̀ wá di ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Tí àlejò bá ti lọ lálẹ́, àwọn títì kan níbẹ̀ dákẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi.

Ilé tiyín ń jò, ìyá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń sáṣọ lójú ẹ̀. N ò mọ èyí tí mo máa fi sílẹ̀ mú ìkejì.

Boss_Lẹkki

Mo ti dákẹ́ o. Ẹ máa bá a lọ. Èmi náà ti ń bi ìyá mi ibi tí a ti wá l'Ékòó.

ỌmọFàájì

Boss ti wọlé! Bóyá ọmọ Pereira ni ẹ́, o kàn ń jẹ oyè Lẹkki kiri.

Onílé_Kan

Àdùkẹ́, tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wá wo tiwa. Mo máa fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ mú bàbá gòkè, àtẹ̀gùn náà ṣì lágbára. Ẹ ra ẹ̀kọ mímu fún ìyá ìsàlẹ̀, kò fẹ́ràn búrẹ́dì.

Àdùkẹ́_Peckham · ọjọ́ 4 oṣù Kìíní

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. A ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jẹ́ n ròyìn bó ṣe rí gan-an.

Aago méje kọ́ la dé, mẹ́jọ kọjá ni. Ọmọ kékeré kò rí bàtà ẹ̀ kan. Kàtídírà dùn, dùrù yẹn mú àyà mi mì gẹ́gẹ́ bí ỌmọFàájì ṣe wí. Ní Kákàwá, wákàtí kan la lò lójú ilé kan ṣoṣo, torí bàbá jókòó sórí àga tí ẹ̀ṣọ́ báǹkì kan gbé fún wọn, wọ́n kọ̀ wọn ò dìde. Wọ́n ń ka fèrèsé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá bi wọ́n bóyá ẹni tó ni ilé náà ta omi bí àwọn tó ń ta píọ̀ wọ́tà. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò kàn sí ọ̀rá ni.

Ní Martins Street, bàbá fi ìka kan ara ògiri mọ́sáláṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kànlẹ̀kùn, wọ́n sì fi etí tì í. Bàbá kan tó ń gbálẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ bóyá ó ṣófo. Kò ṣófo. Àwọn méjèèjì wá jọ ń rìn yí ilé náà ká, wọ́n ń kan ògiri, ọkọ mi sì ń gbé agbòòrùn tẹ̀ lé wọn. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni, oòrùn ti ń ta èèyàn lórí bí ata.

Freedom Park ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù. N ò tètè sọ fún wọn pé ẹ̀wọ̀n ni, ẹ̀wọ̀n Broad Street ìgbà òyìnbó, tí wọ́n ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́. Nígbà tí mo sọ pé ibi tí pèpéle orin wà ni wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀, èyí ọdún méje kó ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò níbẹ̀ kíá. A ò ráàyè dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, nítorí náà wọn ò rí mọ́tò tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala sí. Ìyẹn di ti ọdún tó ń bọ̀.

Campos ni mo fi sẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

A bá ìyá ìsàlẹ̀ níta, ó ń fọ àwo. Bàbá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí orúnkún ṣe gbà, wọ́n ní, "Ẹ kúulé o, ìyá, ẹ kú ìdúró ti ilé." Ìyá wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní, "Taa ni yín?" Bàbá ní, "Ọmọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ládùúgbò yín ni mí." Ìyá nu ọwọ́, ó gba ẹ̀kọ, ó ní ká gòkè.

Àtẹ̀gùn yẹn! Igi ni látòkè délẹ̀, ó dúdú, ó ń dán níbi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti ń gbá a mú láti ọdún gbọ́ọ́rọ́. Bàbá ò gùn ún. Wọ́n kúnlẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀, orúnkún tó ń dùn wọ́n o, wọ́n tan iná fóònù. Wọ́n pè mí. "Wá wò ó. Kò sí ìṣó." Lóòótọ́ ni. Wọ́n gbẹ́ ojú sí igi kan, wọ́n fi ẹnu igi kejì bọ̀ ọ́, wọ́n wá fi èèkàn igi kékeré há a. Bàbá fi èékánná fa èèkàn náà, kò mì. Wọ́n ní bí àtẹ̀gùn ilé bàbá àwọn ṣe rí nìyẹn, kí àbúrò àwọn tó yọ ọ́ lọ́dún 1983, tó fi kọnkéré sí i. Wọ́n wà níbẹ̀ pẹ́. N ò mọ̀ bóyá wọ́n ń sunkún tàbí eruku ni.

Lókè, a rí garawa. A kà wọ́n. Wọ́n ti di mẹ́tàlá.

Onílé_Kan

Òjò oṣù Kẹwàá ló fi méjì kún un. Mo dúpẹ́ tẹ́ ẹ wá. Ìyá ìsàlẹ̀ ní "bíríkìlà Ìbàdàn" ni kí n máa pe bàbá. Ó ń bi mí ìgbà tí wọ́n á padà wá.

Dèjì_Kámẹ́rà

Àǹtí, ẹ fi fọ́tò abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn hàn wá ná.

Àdùkẹ́_Peckham

Bàbá ò jẹ́ kí n yà á. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n fọwọ́ mi kàn án.

Ìyá Onílé, bàbá ní kí n sọ ohun kan fún yín. Wọ́n wo fèrèsé yín tó já. Wọ́n ní kápẹ́ńtà kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀rẹ́ wọn ni. Àmọ́ ó ti lé ní 80, kò lè gun àkàsọ̀ mọ́.

Onílé_Kan

Kò ní gun àkàsọ̀. Mo máa gbé àga sí ìsàlẹ̀ fún un, á máa júwe, àwọn ọmọ á máa ṣe é. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíá kí òjò tó dé.